Òrùka Irin àti Lẹ́tà Ẹ̀san

Ọjọ́ Àìkú ni mo kọ lẹ́tà náà, lẹ́yìn ìsìn, lórí tábìlì ilé ìdáná mi ní Peckham, aṣọ funfun ìjọ ṣì wà lọ́rùn mi. Kò gùn. Orúkọ ọmọbìnrin náà, ilé tó ń gbé, ibi tó ti ń fọ ọ́fíìsì láràárọ̀, àti pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì ìjọba tó ń lé àlejò sára àpòòwé, mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo sì rọra tì í sínú báàgì iṣẹ́ mi, láàárín ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìpara. Mi ò sáré lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Mo fẹ́ gbé e kiri díẹ̀ kí n tó lò ó. Ẹni tí wọ́n bá ti dójú tì rí yóò mọ̀ pé ẹ̀san dùn-ún gbé kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, kí ẹ tó máa wò mí bákan.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, màmá ará Ítálì kan ni, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, tó ń dá gbé níbi tí Peckham ti fẹ́ di East Dulwich. Màá wẹ̀ ẹ́, màá fún un ní oògùn àti tíì, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ líle fún un nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú. Ní aago mẹ́sàn-án, bàbá kan ń dúró dè mí ní Aylesbury Estate. Bí ọ́fíìsì wa ṣe tò ó nìyẹn: mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, bí ẹni pé wọ́n rán ìyẹ́ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù wa. Nítorí náà, tó bá ti ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù, mo ti jáde nílé màmá. Gbogbo wa là ń ṣe é. Màmá fúnra rẹ̀ á máa fọwọ́ lé mi jáde pé, "Lọ, lọ, bọ́ọ̀sì rẹ ń bọ̀."

Ẹnìkan wá fẹjọ́ mi sùn. Ọ́fíìsì pè mí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé n kì í lo wákàtí mi pé, kí n lọ jókòó sílé títí àwọn yóò fi wádìí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ọ̀rọ̀ náà kò sì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo máa ń ṣíwájú àdúrà àwọn obìnrin nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ní Old Kent Road. Wọ́n ní kí n sinmi ná. Mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, "They said ó jí nǹkan màmá òyìnbó tó ń look after." Ogún ìṣẹ́jú ni mo jí o. Nígbà tí yóò fi yí ìjọ ká, ó ti di góòlù.

Ta ló fẹjọ́ mi sùn? Mo lọ bá aríran ìjọ wa. Ó dijú, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó ní, "Mummy, ẹni tó ti jẹ nínú ìkòkò yín ni. I can see the person clearly, aṣọ funfun ló wọ̀." Nínú ìjọ tí gbogbo wa ti ń wọ aṣọ funfun! Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í rí irú ìyẹn. Ohun tí èmi rí ni ọmọbìnrin kan nínú ìjọ, tí mo gbà sílé fún oṣù méje nígbà tí kò ríbi sùn, tó ń sùn nínú pálọ̀ mi, tó ń jẹ nínú ìkòkò mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé mo máa ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣíwájú. A jà díẹ̀ nítorí ariwo fóònù rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, kò dágbére. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì pè mí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo tan àbẹ́là méje, mo ní kí Ọlọ́run bá mi jà. Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dá àdúrà àwọn obìnrin padà fún mi, ọmọbìnrin náà ṣì ń wá kúnlẹ̀ níwájú mi ní gbogbo ọjọ́ ìsìn: "Good morning ma, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ara rẹ̀ le koko. Ojú rẹ̀ ń dán. Ọlọ́run kò ṣe nǹkan kan fún un. Ni èmi náà bá mú bírò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún màmá, ó figbe ta.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́!"

Ó béèrè ohun tó ń ṣe mí. Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì kò gún. Ítálì wà nínú tirẹ̀, Yorùbá wà nínú tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń yé wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹni tó fẹjọ́ mi sùn, ohun tí aríran rí, lẹ́tà tó wà nínú báàgì. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Kò wò mí lójú.

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

"Rárá o. Mo ṣì ń gbádùn rẹ̀ ni."

"Má tíì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ nípa ìlú wa. Ó gùn díẹ̀."

Mo ní kò burú. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó fẹjọ́ mi sùn, mo ti ń lo wákàtí mi pé báyìí. Fóònù tí ọ́fíìsì fún wa ló ń ṣọ́ wa, tí àkókò bá pé ni yóò han.

Láti ilé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ní ìlú kékeré kan lórí òkè, nígbà tí ẹgbẹ́ apàṣẹwàá àwọn Fáṣíìsì ń ṣèjọba. Mo ti múra láti gbọ́ ìtàn ìyà. Ó ní rárá, inú òun ń dùn nígbà náà. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á wọ yúnífọ́ọ̀mù, búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, wọ́n á máa yan kiri ìlú, àwọn àgbà á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwòrán olórí ìjọba wà lára ògiri kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú. Òun a máa kí méjèèjì láràárọ̀, òun kò sì mọ èyí tó lágbára jù nínú wọn. Tíṣà sọ fún wọn pé ọkùnrin inú àwòrán náà kì í sùn, pé ó ń fi ojú ṣọ́ gbogbo ọmọ Ítálì. Òun gbà á gbọ́. Òun fẹ́ràn tíṣà yẹn ju ìyá òun lọ. Ohùn rẹ̀ dùn, ọṣẹ olóòórùn dídùn ló ń ta lára rẹ̀, kò sì na ẹnikẹ́ni rí.

"Àwọn àgbà ńkọ́?" mo béèrè. "Ṣé wọn ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni?"

Ó gbé èjìká. Ó ní ẹnu méjì ni àwọn àgbà ní, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìta. Ẹni tó bá fẹ́ kí akọ̀wé dá òun lóhùn kíákíá, á na ọwọ́ ọ̀tún gbọnrangandan kí i, bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n máa kí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́, á gba káàdì ẹgbẹ́. Ìwé oúnjẹ ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Ebi ló mú àwọn kan gbà á. Àwọn mìíràn gbà á nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà tọkàntọkàn. Èèyàn ò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ aránbàtà kò gba káàdì. Kì í ṣe pé ó láyà. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó lọ tò. Tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba nídìí oúnjẹ, ìyá rẹ̀ á dìde lọ ti fèrèsé, á ní kó rọra.

"Ògiri létí," ni mo sọ. Mo rántí bàbá tèmi nígbà ìjọba ológun, bó ṣe máa ń rẹ ohùn rédíò sílẹ̀ tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì ló kan ọ̀rọ̀ òrùka. Olórí wọn ń jagun lókè òkun, wọ́n ní wúrà tó wà lọ́wọ́ ìjọba kò tó, kí gbogbo abilékọ mú òrùka ìgbéyàwó wọn wá. Wọ́n to àwọn obìnrin síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà súre sí ètò náà. Obìnrin á bọ́ òrùka wúrà rẹ̀, á jù ú sínú àwo ńlá kan, wọ́n á sì fi òrùka irin sí i lọ́wọ́ dípò rẹ̀. Àwọn kan ń sunkún. Àwọn kan ń fẹnu ko òrùka irin náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ.

"Ogun ibo?" mo béèrè.

"Ti Etiópíà."

Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ wá bọ́ òrùka tí ọkọ fi gbé yín níyàwó, kí wọ́n lè fi ra ọta ìbọn lọ pa èèyàn dúdú nínú ilé rẹ̀?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà."

"Ìyá yín kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà!"

Inú bí mi dé èékánná. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí mo fi wẹ̀ ẹ́ tán. Mo gé búrẹ́dì rẹ̀ nípọn, irú èyí tí kò fẹ́ràn. Gbogbo ẹ̀san tí ọwọ́ mi lè tó fún Etiópíà láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Ó jẹ búrẹ́dì náà láìráhùn. Lẹ́yìn náà ló ní ìyá òun kò fún wọn ní wúrà. Ó ra òrùka idẹ lọ́wọ́ oníkiri, òun ló jù sínú àwo, ó sì so ti wúrà mọ́ okùn tó fi sọ́rùn lábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe nítorí Etiópíà o. Ìyá rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ ibi tí Etiópíà wà. Òrùka ìyá tó bí i ni, ìyẹn sì ti kú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gé búrẹ́dì mìíràn fún un, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Fáṣíìsì aláṣọ dúdú wọlé tọ̀ wọ́n wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n kọjá tààrà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n já okùn náà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n wọ́ bàbá rẹ̀ lọ sójú ọjà, wọ́n ya ẹnu rẹ̀, wọ́n sì da òróró làrà sí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun làwọn ìyá wa máa ń fún wa mu nígbà họlidé láti fi fọ inú. Ṣíbí kan ni tiwa. Ìgò kan ni tirẹ̀. Wọ́n mú un dúró síbẹ̀ títí ó fi yàgbẹ́ sára, wọ́n wá ní kó máa lọ sílé, ní ọ̀sán gangan, láàárín ìlú. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó kí i náà. Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé kì í ṣe èèyàn burúkú, màmá ní, àwọn tó ń kó bàtà wá fún un ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kó bàtà wọn lọ síbòmíràn. Bàbá náà kò dé ojú ọjà mọ́ títí ó fi kú. Ó yí àga iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lórí itan mi. Ó dùn mí bí ẹni pé bàbá tèmi ni.

"Ta ló sọ fún wọn?"

Ó ní ìyá òun mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan tó ń gbé òdìkejì wọn ni. Wọ́n jọ ń fọṣọ níbi ìfọṣọ ìlú, okùn ọrùn ìyá rẹ̀ yọ síta, aránṣọ sì rí wúrà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣọ dúdú dé.

Mo pa òwe àjẹ́ tó ké lánàá fún un, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó mi orí.

"Ìyá mi ìbá fẹ́ràn òwe yẹn," ó ní.

Lọ́jọ́rú, mo dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi béèrè pé kí ni wọ́n ṣe fún aránṣọ yẹn.

Ó ní ìyá òun dúró fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kí aránṣọ náà láràárọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tó ń fún un ní ẹyin adìyẹ. Mo ní, ìyá yín mọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wó. Wọ́n fa àwòrán ya, wọ́n dáná sun káàdì, àwọn tó kọrin jù ló wá ń sọ pé àwọn kò kọrin rí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹnì kan nínú ìlú tó fẹ́ràn ọkùnrin inú àwòrán náà rí láyé. Àwọn aláṣọ dúdú ti sá, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí ìlú, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jẹ ìyà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti obìnrin márùn-ún wọ ilé aránṣọ, wọ́n mú àlùmọ́gàjí obìnrin náà fúnra rẹ̀, wọ́n fà á lọ sójú ọjà, wọ́n gbé e jókòó lórí àga, wọ́n sì gé irun rẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ọjọ́ náà gan-an ló fi ìlú sílẹ̀, ó ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lórí ọmọlanke. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ ní gbogbo ìgbà yẹn: "Kì í ṣe èmi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà?"

"Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú, kó má baà máa mì í."

Mo pàtẹ́wọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo pàtẹ́wọ́ nínú yàrá yẹn. Mo ní, "Ó tọ́ sí i! Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa ṣe wọ́n." Inú mi dùn bí ẹni tó jẹun yó. Màmá ń wò mí. Fóònù ọ́fíìsì han pé àkókò ti pé. Ó di apá aṣọ mi mú.

"Dúró. Kò tíì tán."

"Ọ̀la, Màmá. Wọ́n ń ṣọ́ mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo dúró nídìí àpótí pupa tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò màmá, mo sì ju lẹ́tà náà sí i. Ìtàn obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án dúró ti fún mi lókun. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó balẹ̀. Mo fọwọ́ gbá orí àpótí náà pẹ̀lẹ́, mo sì ń kọrin ìjọ wọlé lọ.

Màmá ti dá ara rẹ̀ gbé dìde, ohun tí kì í ṣe. Ó jókòó lórí àga pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan lórí itan. Ó mú òrùka kan jáde nínú rẹ̀, ó fi sí mi látẹ́lẹwọ́. Irin ni. Ó fúyẹ́, ó ti dípẹtà.

"Èyí ni wọ́n fún ìyá mi dípò idẹ yẹn. Ó fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú. Kò mọ̀."

"Kò mọ kí ni?"

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà tó ń ta sánsán yẹn dúró níwájú kíláàsì, ó fi ohùn dídùn béèrè pé, ta ló mọ ilé tí wúrà ṣì wà? Ẹni tó bá sọ òtítọ́ ni yóò gbé àsíá lọ́jọ́ Sátidé. Bó ti ń sọ ọ́, màmá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè níwájú mi. Ọwọ́ tí mo ń fọ̀ lójoojúmọ́, tí kì í gbé dé irun orí rẹ̀ mọ́, ó lọ sókè gbọnrangandan.

"Èmi," ó ní.

Ó gbé àsíá náà. Ó ní inú òun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kì í ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, kì í ṣe lọ́jọ́ tí òun bímọ. Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ojú ọjà. Ó dákẹ́. Nígbà tó di orí aránṣọ mú, tí obìnrin náà ń wò ó lójú láti ìsàlẹ̀, ó dákẹ́. Bí òun bá ṣí ẹnu, ó ní, orí òun ni àlùmọ́gàjí yẹn ìbá kàn. Ó wá sí London, ó fọ abọ́, ó bímọ, ó sin ọkọ. Ó padà lọ sin ìyá rẹ̀. Kò sọ fún un.

"Kí ló dé tí ẹ fi wá ń sọ fún mi?"

Ó ti bo agolo bisikíìtì náà, ó tún ṣí i.

"Ọ́fíìsì rẹ pè mí lórí fóònù, kí wọ́n tó dá ẹ dúró. Òṣìṣẹ́ wọn kan ni, obìnrin, ohùn rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń gbádùn ìtọ́jú ni. Ó béèrè bóyá o máa ń dúró pé wákàtí kan. Mo ní rárá, ogójì ìṣẹ́jú ni. Ó ní mo ṣeun, mo ti ran àwọn lọ́wọ́ gan-an." Ó gbójú sókè. "Inú mi dùn. Ṣé o gbọ́? Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, inú mi dùn pé mo dáhùn ìbéèrè náà dáadáa."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọwọ́ mi tó di òrùka mú ti gbéra nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, àbẹ́là méje, gbogbo ààwẹ̀ yẹn, arúgbó tí mò ń fọ ìdí fún ló fẹjọ́ mi sùn! Mo kúnlẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un jẹ́jẹ́, nítorí ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ń bà mí.

"Mo ti fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́," mo ní. "Láàárọ̀ yìí. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé..."

"Ojú ń tì mí lọ́jọ́ Ajé," ó ní.

Wọ́n kọ ọ́ sára àpótí náà pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kó lẹ́tà. Mo parí iṣẹ́ mi, mo padà wá dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù. Ọkùnrin tó ń kó lẹ́tà dé. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò kanra mọ́ mi. Ó ní bí lẹ́tà bá ti wọlé, kì í ṣe ti ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó wakọ̀ lọ.

Kí n kọ òmíràn pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́? Kì í ṣe irọ́. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo kọ. Òtítọ́ ni ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn náà sọ. Ohun tó kù ni kí n kìlọ̀ fún ọmọbìnrin náà pé kó kúrò nílé yẹn, kó má lọ síbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Mo dúró sójú pópó, mo pè é.

"Hello Mummy! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Hope no problem?"

"Rárá. Mo ní kí n kí ẹ ni."

"Ah, thank you so much ma! Honestly, mo rò pé ẹ ṣì ń bínú sí mi nítorí phone yẹn. Ojú ló tì mí ma, that's why mi ò dágbére. Ẹ má bínú. Everything yín ni mo ń miss, even ọbẹ̀ yín."

Bí mo bá ní kó sá, á béèrè ẹni tó sọ fún mi. Mo ṣí ẹnu. Mo ní, "Ó ti tán." Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ojú rẹ̀ ti wú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti wá mú un níbi iṣẹ́. Wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa lọ fojú hàn níwájú wọn, wọ́n sì lè dá a padà sí orílẹ̀-èdè wa nígbàkigbà. Èmi ló yíjú sí, kò wo ẹlòmíràn.

"Mummy, somebody reported me. Mi ò mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà ma. Ẹni náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó lọ láìjìyà."

Àwọn obìnrin yí i ká pẹ̀lú àbẹ́là. Aríran wa dijú, ara rẹ̀ gbọ̀n.

"Ẹni tí ẹ ti jọ jẹ nínú ìkòkò kan náà ni!"

Ojú mi là kedere. Mo rí i tí ọmọbìnrin náà ń ronú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kọjá lórí mi bí ẹni tó kọjá lórí ògiri, tó sì lọ dúró sára ọmọbìnrin kan lẹ́yìn wa, èyí tí wọ́n jọ ń gbé yàrá báyìí, tí wọ́n jọ ń se oúnjẹ. Ojú rẹ̀ le. Mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ti gbé e kiri rí.

Mo ṣì ń lọ sílé màmá láràárọ̀, mo sì ń gé búrẹ́dì rẹ̀ nípọn. Kò ráhùn. A kì í sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ mọ́. Òrùka yẹn wà lọ́wọ́ mi. Kò béèrè rẹ̀, mi ò sì dá a padà.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, gbogbo àwọn obìnrin ń dúró kí n ṣíwájú. Mo ní kí olúkúlùkù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, kí a fi ẹni tó fẹjọ́ ọmọ yìí sùn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kó má rí ojú gbé sókè, kó má rí ìsinmi. Wọ́n ń ṣe àmín. Ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ lọ sókè.